Kíkọ́ Ìmọ̀ Ètò Ìlú ní Yunifásítì: Àwọn Ìbéèrè tí Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun Máa Ń Bi Wá

Àwọn tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ètò ìlú àti ìtúpalẹ̀ ìlú ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, àti àwọn òbí tí yóò san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn, ni a kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún. A fi èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí orí ọ̀nà tí a gbà ń ṣe ìwádìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń kọsẹ̀.

Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ àwọn ará “town planning” ni ọkùnrin tó gbé ọ̀dà pupa dání, tó ń fa àmì sí ara ògiri ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Òótọ́ ni pé ìyẹn wà nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n apá tó kéré ni, kò sì wu ẹnikẹ́ni nínú wa kí wọ́n fi í dá wa mọ̀. Bí a ṣe ń wo ìlú kí a tó dá sí i ni yunifásítì ń kọ́ni: ènìyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀, níbo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀, ibo ni omi òjò ń gbà kọjá, ilẹ̀ wo ló ṣófo, ta ló ni ín, báwo sì ni gbogbo rẹ̀ yóò ṣe rí ní ogún ọdún sí i. Nígbà tí a bá ti rí ìdáhùn sí ìwọ̀nyí ni a tó lẹ́nu láti sọ pé ibí ni kí ọjà wà, ibí ni kí ọ̀nà gbà. Patrick Geddes, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, ló tẹnu mọ́ ìlànà yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, pé kí a kọ́kọ́ wádìí, kí a tú ohun tí a rí palẹ̀, kí a tó gbé ètò kalẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n ṣe to ẹ̀kọ́ wa nìyẹn.

Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí iṣẹ́ awọnlẹ̀ àti ti ayàwòrán ilé?

Awọnlẹ̀ ni yóò sọ fún yín ibi tí ilẹ̀ yín parí sí. Ayàwòrán ilé ni yóò ya ilé tí ẹ fẹ́ kọ́ sórí rẹ̀. Onímọ̀ ètò ìlú ni yóò béèrè ohun tí ilé náà yóò ṣe fún àwọn tó wà ní àyíká rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ilé epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ náà lè jẹ́ tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn, àwòrán rẹ̀ sì lè dára, síbẹ̀ kí ètò ìlú sọ pé rárá.

Kí ni mo nílò kí n tó lè wọlé?

Ẹ nílò kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú wọn, kí jọ́gíráfì náà sì wà níbẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe, nítorí ó wà lára ohun tí a máa ń béèrè nínú ìdánwò JAMB pẹ̀lú. Kí ẹ yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ti ọdún tí ẹ fẹ́ wọlé wò, torí ẹ̀kọ́ kẹrin tí ẹ ó fi ṣe ìdánwò náà máa ń yàtọ̀ láti yunifásítì kan sí òmíràn. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Obafemi Awolowo University ní Ilé-Ifẹ̀, ní Yunifásítì Èkó, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ní FUTA ní Àkúrẹ́. Ẹni tó bá gba JAMB wọlé máa ń lo ọdún márùn-ún, a sì máa yọ lára àkókò yìí fún ìkọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ti aládàáni, èyí tí wọ́n ń pè ní SIWES, ètò tó ti wà láti ọdún 1973.

Mi ò mọ àwòrán yà. Ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é. Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní ọdún àkọ́kọ́ àti ìkejì ni fífa ìlà tó tọ́ àti mímọ ìwọ̀n, kì í ṣe ẹwà. Bí wọ́n bá ní máàpù kan wà ní ìwọ̀n 1:2,500, ó yẹ kí ẹ mọ̀ láìronú púpọ̀ pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dúró fún mítà 25 lórí ilẹ̀. Ẹni tí èyí bá ti mọ́ lára kò ní í fa ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì kò lè gbà pàdé.

Ìṣirò inú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìṣirò tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò kọjá ti ilé ẹ̀kọ́ girama, ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni mímọ ohun tí èsì rẹ̀ ń sọ àti ohun tí kò sọ. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, ìyẹn ìfojúdíwọ̀n iye ènìyàn. Ká ní ìlú kan ní ènìyàn 50,000 lónìí, tó sì ń pọ̀ sí i ní ìdá 3 nínú 100 lọ́dọọdún. Ẹni tó bá kàn fi 1,500 kún un lọ́dọọdún yóò rí 65,000 lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí lọ́dún yìí náà yóò bímọ lọ́jọ́ iwájú, torí náà lórí iye tuntun ni a gbọ́dọ̀ máa ṣírò ìdá 3 náà, bí èlé orí èlé, èsì rẹ̀ yóò sì jẹ́ bíi 67,200. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èsì méjèèjì lé ní 2,000, ó sì tó láti yí iye ilé ẹ̀kọ́ tí ìlú náà nílò padà. Bí ìlú yẹn bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, kò ní ju ọdún mẹ́tàlélógún sí mẹ́rìnlélógún lọ tí yóò fi di ìlọ́po méjì.

Èkejì tí ẹ ó bá pàdé ni èyí tí a fi ń mọ iṣẹ́ tí ìlú kan gbójú lé. Ká ní òṣìṣẹ́ 10,000 ló wà ní ìlú kan, tí 2,000 nínú wọn sì ń ṣe àdìrẹ; ìdá 20 nínú 100 nìyẹn. Ká tún ní ìdá 5 péré nínú 100 òṣìṣẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ náà ló ń ṣe àdìrẹ. Bí a bá fi 5 pín 20, a ó rí 4, èyí tó túmọ̀ sí pé àdìrẹ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú náà ní ìlọ́po mẹ́rin ju bó ṣe wà káàkiri ìpínlẹ̀ lọ. Bí èsì bá lé ní 1, ó ṣeé ṣe kí ìlú náà máa tà á fún àwọn ará ìta. Ọ̀nà yìí dára, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí a ti rí iye òṣìṣẹ́ ná. Ìyá tó ń pa aró lẹ́yìnkùlé kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Bí iye tí a fi bẹ̀rẹ̀ bá ti yọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, irọ́ tó mọ́ tónítóní ni a fi ìṣirò pa yẹn.

Níbo ni a ti ń rí iye ènìyàn tó wà ní ìlú?

Ẹkún ni ìbéèrè yìí jẹ́ fún onímọ̀ ètò ìlú ní Nàìjíríà. Ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn kẹ́yìn, wọ́n sì ní a jẹ́ 140,431,790. Ọdún 1991 ni èyí tó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí a jẹ́ bíi mílíọ̀nù 89. Gbogbo iye tí ẹ bá rí pé ó jẹ́ ti ìlú kan lónìí, ìfojúdíwọ̀n ni, láti ara ti ọdún 2006 ni wọ́n sì ti máa ń fà á yọ. Ìjà tún wà lórí ti ọdún 2006 fúnra rẹ̀. Iye tí ìjọba àpapọ̀ pè fún Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 9,113,605, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ náà kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn ka ènìyàn tiwọn, ó sì lé ní mílíọ̀nù 17. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣètò ibùdó omi fún agbègbè kan ní Èkó mú èwo? Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, ní ìwọ̀n kékeré àti ní ìwọ̀n ńlá, kí ó kọ ibi tí ó ti rí iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kedere, kí ó sì lọ ka ilé ní àdúgbò mélòó kan láti mọ èyí tó sún mọ́ òótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mú iye kan ṣoṣo láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò sọ ọdún rẹ̀, máa ń pàdánù máàkì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ inú pápá ṣe máa ń rí?

Ìwé tí a fi ń kọ́ni yóò sọ pé kí ẹ yan ojúlé kan nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin òpópónà. Èyí rọrùn ní Bódìjà àtijọ́, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣètò ní ìparí àwọn ọdún 1950, níbi tí ilé to gbọọrọ tí gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà. Ẹ wá gbé e lọ sí Bẹẹrẹ tàbí Ọjà’ba ní Ìbàdàn kan náà. Ilé kò ní nọ́ńbà, òmíràn kò ní ọ̀nà rárá, ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn ni a ń gbà wọ̀ ọ́, agbo ilé kan sì lè gba ènìyàn tó pọ̀ ju ti òpópónà kan lọ. Ojúlé karùn-ún kò nítumọ̀ níbẹ̀. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó kọ́kọ́ ya àwòrán àdúgbò náà láti ara àwòrán sátẹ́láìtì, a ó fi nọ́ńbà sí orí òrùlé kọ̀ọ̀kan, kí a tó wá yan èyí tí a ó lọ bá.

Nígbà tí ẹ bá wá dé inú ilé, ẹ ó bá ìṣòro kejì. Ìdílé mélòó ló wà níbẹ̀? Ìlànà tí àwọn aṣèkànìyàn ń tẹ̀ lé ni pé àwọn tó ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà jẹ́ ìdílé kan. Ẹ fi èyí bi baálé tó ní ìyàwó méjì, tí oníkálukú ń dáná tirẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń jẹ nínú méjèèjì. Ìdílé mélòó nìyẹn, èwo sì ni baba wà? Ọmọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tó sì ń wálé ní Iléyá nìkan, ìyá rẹ̀ yóò kà á mọ́ ara ilé, inú yóò sì bí i bí ẹ bá yọ ọ́. Kò sí ìdáhùn kan tó tọ́ níbi gbogbo. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ náà fẹnu kò sí ìlànà kan kí wọ́n tó jáde, nítorí bí ọ̀kan bá ka ìkòkò tí èkejì sì ka baálé, àkójọ wọn kò ṣeé pa pọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ni fọ́ọ̀mù ìwádìí máa ń wà. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá lórí ìwé, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé iwájú màmá kan. Ẹ má sì béèrè iye tó ń wọlé lóṣù. Oníṣòwò kì í ka owó rẹ̀ lóṣù, kò sì ní í sọ ọ́ fún àlejò. Yóò rò pé owó orí lẹ fẹ́ gbà. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ná lórí oúnjẹ, lórí ọkọ̀, lórí owó ilé ẹ̀kọ́, àti iye tí wọ́n ń dá ní àjọ, ẹ ó sì ti sún mọ́ ọn. Ọjọ́ orí àwọn àgbà náà bẹ́ẹ̀. Ìyá tí kò mọ ọdún tí a bí i lè mọ̀ pé òun ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ nígbà tí a gba òmìnira, pé wọ́n gbé òun níyàwó nígbà ìjà “wẹ́tìẹ̀” ọdún 1965, tàbí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà tí nàírà dé ní ọdún 1973.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí mọ́gàjí, ẹ fi lẹ́tà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín han ẹgbẹ́ onílé. Ìrọ̀lẹ́ ló dára láti lọ, nítorí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò sí nílé lọ́sàn-án, ẹ̀yin yóò sì kàn rí àwọn arúgbó àti ọmọdé, ẹ ó wá kọ ọ́ pé ìdajì àdúgbò náà kò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Wọ́n ní a máa ń ka ọkọ̀ ojú ọ̀nà náà. Ọjọ́ wo ni ó yẹ kí a kà á?

Ìwé òkèèrè yóò ní kí ẹ ka ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀, pé àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni kì í ní wàhálà òpin ọ̀sẹ̀. Ní ìlú tó ń ná ọjà ọrọọrún, ìmọ̀ràn yẹn lè ṣì yín lọ́nà pátápátá. Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ tí a ná ọjà mọ́ ọn, nítorí náà ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọjà ọrún kan àti èkejì, ọjọ́ mẹ́jọ sì ni ti ọjà ìsán. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọjà ọrún máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọjọ́ 28, ti ìsán sì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ọjọ́ 56. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ọkọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta léraléra lè ṣàì bá ọjọ́ ọjà pàdé rárá, kí ó sì kọ ọ́ pé ọ̀nà náà fẹ̀ tó. Tàbí kí ó ṣèèṣì bọ́ sí ọjọ́ ọjà kan, kí ó ní kí ìjọba wó ilé láti fẹ ọ̀nà. Torí náà, ẹ béèrè ọjọ́ ọjà lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà kí ẹ tó yan ọjọ́, ẹ ka ti ọjọ́ ọjà lọ́tọ̀, kí ẹ sì ka ti ọjọ́ òfìfo lọ́tọ̀.

Kí fọ́ọ̀mù yín náà ní àyè fún dánfó, ọ̀kadà, máruwá àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tí kò ní àyè fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà ọjà.

Àwọn àbá tó wà nínú ìwé nípa bí ìlú ṣe ń rí, Chicago àti ibòmíràn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá. Kí ni wọ́n kàn wá?

Wọ́n kàn wá bí a bá mọ ìdí tí a fi gbé wọn kalẹ̀. Ní ọdún 1925, Ernest Burgess wo Chicago, ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ bí òrùka inú òrùka: ọjà àti ọ́fíìsì láàárín, àwọn tálákà àti àlejò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn ọlọ́rọ̀ ní ìta pátápátá. Homer Hoyt ní ọdún 1939 ní kò rí bẹ́ẹ̀ tán, pé ojú ọ̀nà ńláńlá ni nǹkan máa ń tọ̀. Harris àti Ullman ní ọdún 1945 sì ní ìlú ńlá kì í ní àárín kan ṣoṣo. Ẹ gbé wọn wá sí ìlú Yorùbá. Ààfin ló wà láàárín, ọjà ọba wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà sì tàn káàkiri láti ibẹ̀ lọ sí àwọn bodè lára odi. Ilé ìjòyè wà láàárín ìlú, kò sẹ́ni tó ń sá kúrò níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá sún mọ́ ọba ló lọ́lá. Owó kò fi ẹsẹ̀ rìn jáde bí ti Chicago.

Ìbàdàn wá tún yàtọ̀. Ibùdó ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829, kò sì ní ọba àtayébáyé tí ìlú yóò fi ṣe òpó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ní ọdún 1901, ibùdókọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ìhà Dùgbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó sì tẹ̀ dó yí i ká, ìlú wá di aláàárín méjì: Ọjà’ba àti Mápó ní ọwọ́ kan, Dùgbẹ̀ ní ọwọ́ kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, tó sì kú ní ọdún 2022, ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìlú aláàárín méjì báyìí kì í ṣe àṣìṣe, pé ó ní ìlànà tirẹ̀. Bí ẹ bá ka iṣẹ́ rẹ̀ tán kí ẹ tó padà sí ti Burgess, ẹ ó rí i pé àwòrán Burgess dára gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè. Àbá wọ̀nyí wúlò láti fi mọ ibi tí ìlú wa ti yàtọ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe àwòṣe tí yóò fi ìlú wa wọ̀ bí ẹ̀wù àyálò, kò ní í bá a mu.

Ṣé lórí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí?

Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni. GIS ni a ń pe ọ̀nà tí a gbà ń to máàpù léra wọn lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà lórí ilẹ̀, odò lórí ọ̀nà, ilé lórí odò, kí a lè béèrè ìbéèrè tí ojú lásán kò lè dáhùn. QGIS, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe é, kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó sì tó fún gbogbo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ nílò. Máàpù OpenStreetMap náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat ti wà láti ọdún 1972, nípa bẹ́ẹ̀ ẹ lè fi ojú ara yín rí bí Ìbàdàn tàbí Èkó ṣe ń jẹ oko tó yí i ká láti ìgbà náà; Sentinel-2, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ẹyọ kan nínú àwòrán rẹ̀ jẹ́ mítà 10.

Àpẹẹrẹ tí a máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ni ti odò Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ó kún bo àárín Ìbàdàn; ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ya ìlú náà, ó sì gba ẹ̀mí tó ju 100 lọ. Ẹ ó mú àkójọ gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ “space shuttle” ti Amẹ́ríkà wọ̀n láti ojú ọ̀run ní oṣù kejì ọdún 2000, ẹ ó wá ibi tó rẹlẹ̀, ẹ ó fa ìlà ní ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì, ẹ ó sì ka ilé tó bọ́ sínú rẹ̀. Ó dùn ún ṣe, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa wu olùkọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀run kò rí gọ́tà tí ìdọ̀tí ti dí, bẹ́ẹ̀ ìyẹn náà wà lára ohun tó ń fa omíyalé. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò. Sátẹ́láìtì náà kò lè sọ fún yín bóyá ìdílé kan ló wà lábẹ́ òrùlé kan tàbí mẹ́wàá, bí ó ti máa ń rí ní ilé “face-me-I-face-you”.

Àṣìṣe kan tí kì í tán: àwọn máàpù ìjọba àtijọ́ wà lórí ìwọ̀n ìpìlẹ̀ tí a fi ń mọ àyè nǹkan lórí ilẹ̀, èyí tí a ń pè ní Minna, ti sátẹ́láìtì sì wà lórí òmíràn tí a ń pè ní WGS 84. Ẹni tó bá tò wọ́n léra láì yí ọ̀kan padà yóò rí i pé ilé ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ ní mítà tó lè tó ọgọ́rùn-ún, àwọn mìíràn á sì bọ́ sínú odò. A ti gba irú máàpù bẹ́ẹ̀ rí, pẹ̀lú àlàyé olójú ewé mẹ́ta nípa ìwà àìgbọràn àwọn tó kọ́lé sójú odò.

Irú kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà?

Èyí tí batiri rẹ̀ pẹ́. Tí owó bá kù, ẹ fi kún ìrántí rẹ̀. Gígábáìtì 8 ni kó kéré jù.

Kí ló dé tí wọ́n ń kọ́ wa ní ìtàn?

Nítorí pé ètò ìlú ti pa àwọn kan lára rí, ó sì yẹ kí ẹ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924, èyí sì ló fà á tí ìjọba amúnisìn fi dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti tún Èkó ṣe. Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló wó àdúgbò kan ní àárín Erékùṣù Èkó láti ọdún 1955, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà dára: ó ní omi, ó ní iná. Peter Marris, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ àti àwọn tí kò tíì kúrò, ó sì fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ohun tó rí ni pé ọ̀nà ti jìn sí ọjà, oníbàárà àwọn obìnrin oníṣòwò ti tú ká, owó ilé ga, ẹbí tó máa ń jọ gbé sì ti pínyà. Kò sí èyí tó hàn lórí máàpù nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó wó Mároko. Ènìyàn 300,000 ni iye tí gbogbo ayé ń pè, ìfojúdíwọ̀n sì ni. Èmi gbà pé ẹ̀kọ́ ọ̀nà ìwádìí bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn gan-an: ẹni tí a kò kà, kò ṣòro láti lé.

Òfin wo ni kí a mọ̀?

Mẹ́ta tó. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Òfin ètò ìlú àti agbègbè ọdún 1992, tó rọ́pò ti ọdún 1946, pín iṣẹ́ láàárín ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ní ọdún 2003, nínú ẹjọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìlú lórí ilẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ìwé àṣẹ ilé kíkọ́ di ti ìpínlẹ̀.

Nígbà tí mo bá jáde, iṣẹ́ wo ló wà?

Ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń lọ, àwọn mìíràn ń lọ sí ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń ya ìpínlẹ̀ ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, òmíràn sì ń ṣiṣẹ́ GIS fún ilé iṣẹ́ iná, omi tàbí ìlera. Kí ẹ tó lè fi orúkọ yín sí àwòrán ètò ìlú gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TOPREC, ìgbìmọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí ẹ sì ti yege ìdánwò NITP, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ètò ìlú, tó ti wà láti ọdún 1966. Nígbà náà ni wọ́n ó máa kọ “Tpl.” síwájú orúkọ yín.

Kí ni mo lè ṣe kí yunifásítì tó wọlé?

Ẹ mú bébà kan àti pẹ́ńsùlù, ẹ jókòó sí ojúde ilé yín, kí ẹ ya òpópónà yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan wà fún, ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ibi tí wọ́n ti ń ta omi. Ẹ fi àmì sí ibi tí omi máa ń dúró sí bí òjò bá rọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé. Kí ẹ má ṣe gbàgbé láti kọ ọjọ́ àti ọdún sí etí bébà náà, nítorí ní ọdún kẹta, nígbà tí a bá ní kí ẹ ya òpópónà kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ó nílò rẹ̀.